Ràkúnmí ní Ìkàrẹ́: Bí Mo Ṣe Lọ Jẹ́rìí fún Rédíò Òkèèrè

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ó ní, "Ìyá Tólú, báwo lọ̀hún ṣe rí?", mo ti dáhùn títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí lè lọ kà á. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Mo jẹ oúnjẹ wọn, bí a bá lè pè é lóúnjẹ, mo sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó jìnnà, pé ó tutù, àti pé ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn òun tipátipá.

Tísà Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà, Ìkàrẹ́ ni mo sì ń gbé. Ìjọba tí mò ń wí yìí ní ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń fi oríṣiríṣi èdè bá ayé sọ̀rọ̀, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọkọ mi ló máa ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó kú, n kò lè fi í sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́láwọlé ló ń ka ìròyìn, ohùn rẹ̀ ki bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, mo máa fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù pé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń pè é o. Iṣẹ́ tísà ò mọ ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan wọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn ti yàn mí ní "Ọ̀rẹ́ Àtàtà Rédíò Wa", pé kí n wá kí àwọn, ìjọba ni yóò gbé gbogbo ìnáwó. Tólú, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì l'Ákùngbá, ní gbájúẹ̀ ni wọ́n. "Mọ́mì, nọ́ńbà káàdì bánkì yín ni wọ́n ń wá." Àfìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì dé ló tó gbà pé òótọ́ ni, ló bá tún ní kí n mú òun dání.

Wọ́n pàdé mi, wọ́n tún pàdé mi

Bí mo ṣe jáde ní pápákọ̀ òfurufú wọn báyìí, òtútù gbá mi létí. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu pé mo mọ ọyẹ́ orí òkè Ọ̀kà! Eré ọmọdé ni ti Ọ̀kà. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó àti pátákó tí wọ́n ba orúkọ mi jẹ́ sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi bí ẹni tí a jọ dàgbà ní àgbàlá kan náà. Omi ti fẹ́ máa lé sí mi lójú nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà sọ nǹkan, ni obìnrin yìí bá gba òdòdó rẹ̀ padà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé iná kò tàn dáadáa, pé kí n jọ̀wọ́ padà sínú, kí n tún jáde wá.

Mo padà, mo tún jáde. Ó tún dì mọ́ mi. Wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Mo tún padà. Ìgbà tí a fi máa ṣe é tán, ara wa ti sú àwa méjèèjì, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Màdáámù Ẹ̀rín. Òun ni wọ́n fi tì mí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Bí mo bá ní mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìkóríta kí n wo ìlú, á ní, "A ti ṣètò ìrìn fún yín lọ́la."

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló ń dì mọ́ èèyàn o. Níbi tí kámẹ́rà kò bá sí, wọn kì í kíni rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ lífítì òtẹ́ẹ̀lì, mo bá àwọn èèyàn níbẹ̀, mo kí wọn káàárọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń yí bí ẹni ń wo èsì ìdánwò. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, mo bá tún un kí bí mo ṣe ń kí kíláàsì. Ọkùnrin kan sáré bọ́ sílẹ̀ ní àjà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Aṣọ mi kò jọ ti Áfíríkà tó

Ní ti oúnjẹ, ẹja tí wọn ò dáná sí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Mo dúró kí wọ́n wá gbé e lọ sè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wà. Ọbẹ̀ wọn tutù, ó pọ́n, ó sì dùn bíi ṣúgà. Irú tí mo dì mọ́ ẹrù láti Ìkàrẹ́, àwọn agbófinró pápákọ̀ ti gbà á. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà gbé e, wọ́n nà án jìnnà sí ara wọn bí ẹni gbé bọ́ǹbù. Ebi púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, pa mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi lá àlá.

Lọ́jọ́ kan wọ́n kó gbogbo àwa àlejò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan fún ohun tí wọ́n pè ní Ọ̀sán Àṣà. Mo wọ léèsì mi tó dára jù, mo we gèlè tó dúró ṣánṣán. Màdáámù Ẹ̀rín wò mí sókè wò mí sílẹ̀, ó wá gbé nǹkan kan jáde nínú àpò: yẹ̀rì tí wọ́n fi koríko gbígbẹ ṣe, àti ìlẹ̀kẹ̀ onírọ́bà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ. Èyí kò jọ ti Áfíríkà tó."

Mo ní, "Èmi tí mo wọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé èmi jọ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó na koríko sí mi. Mo jókòó. Mo sọ fún un pé tí màmá mi ní Àjọwá bá rí mi nínú yẹ̀rì yẹn, yóò pe pásítọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin kan láti ìlú Áfíríkà mìíràn, tó jẹ́ lọ́yà, tó ní súùtì dúdú kan tó gbámúṣé, lọ wọ koríko tirẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ méjèèjì níta, ó ń gbọ̀n. Mo wò ó, ó wo ilẹ̀. "Madam," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wọ́n ṣèlérí sikọ́láṣíìpù fún ọmọ mi." N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bò ó lẹ́sẹ̀.

Ohùn yẹn àti ẹni tó ni ín

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi dé ilé-iṣẹ́ rédíò gan-an, inú mi dùn bí ọmọdé. Ọ̀gá ẹ̀ka Yorùbá jáde wá pàdé mi, òyìnbó pọ́nńbélé tó sọ ara rẹ̀ ní Akínlàjà. Inú ìwé ló ti kọ́ Yorùbá. Ó ń gbé àmì ohùn kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin.

"Ẹ kú àbọ̀ sí ilé wa, ìyá."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ulé yín dára."

Ó gbé ìka kan sókè. "Ilé. Kì í ṣe ulé. Ẹ̀ka-èdè nìyẹn."

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá láti ìgbà tí òun ṣì ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi! Mo gbé e mì. Mo rí i pé okùn bàtà rẹ̀ ti tú, mo sì sọ fún un bí mo ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ìkàrẹ́, láìdúró to ẹyin, pé kó dè é kó má bàa ṣubú. Ó mi orí tìyẹ́tìyẹ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àṣà yín lẹ́wà púpọ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dúró sí, àgbàlagbà, ó tínrín, ó wọ kádígàánì tí ìgùnpá rẹ̀ ti já. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Tólú." Ara mi bù máṣọ. Kọ́láwọlé! Ohùn yẹn tóbi ju ẹni tó gbé e lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Bọ̀dá Kọ́lá ni mò ń pè é.

Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n wá jẹun ọ̀sán nílé òun. Màdáámù Ẹ̀rín gbà, ó ní oníkámẹ́rà á tẹ̀ lé wa. Bí oníkámẹ́rà ti ya àwòrán ibi tí a ti ń bọ ara wa lọ́wọ́ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Yàrá kan ni ilé náà. Bọ̀dá Kọ́lá fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ro nǹkan tó pè ní iyán, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọpẹ́, torí ó gbóná.

Ó wá ní, "Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi pè yín?"

"Ṣebí torí pé mo jẹ́ ọ̀rẹ́ àtàtà ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n fẹ́ pa ẹ̀ka Yorùbá rẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ń bọ̀ lọ́la láti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ wa. Ẹ̀yin ni ẹ̀rí."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fèsì."

Ó wá sọ ohun tó fẹ́ kí n sọ: pé ní Ìkàrẹ́, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú á péjọ sábẹ́ igi ńlá kan, wọn á tan rédíò, wọn á gbọ́.

Mo ní, "Abẹ́ igi wo?"

"Igi kan ṣá."

"Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ti dé Ìkàrẹ́ rí?"

"Rárá."

"Ó hàn."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo kúrò níwájú mi, ó ní, "Ìyá Tólú, bí wọ́n bá ti ẹ̀ka yìí pa, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí lọ. Ilé bàbá wa n'Íjẹ̀bú, àwọn àbúrò mi ti tà á. Lọ́jọ́ orí mi yìí, níbo ni kí n kọrí sí?"

Mo sọ fún un pé ohun tí mo bá mọ̀ ni mo máa sọ. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

Níwájú ìgbìmọ̀

Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó ní ìlà kan, tai wọn jọ ara wọn, ojú wọn náà jọ ara wọn. Wọ́n tan àwòrán sí ara ògiri kí n tó sọ̀rọ̀. Mo rí iyanrìn lọ súà, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó yí igi kan ká, mo sì rí ràkúnmí. Ràkúnmí tó dúró dáadáa, tó ń rún nǹkan lẹ́nu. Mo bi Màdáámù Ẹ̀rín pé ìlú wo nìyẹn.

"Ìkàrẹ́," ó ní.

"Ràkúnmí wo ló wà ní Ìkàrẹ́?"

"Àpẹẹrẹ lásán ni. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ràn ràkúnmí."

Wọ́n ní kí n má sọ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni kí n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wọn. Bọ̀dá Kọ́lá ni yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn. Mo dìde. Mo ti rò ó pé kí n fi ẹnu yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ràkúnmí yẹn ti bí mi nínú. Mo sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, mi ò to ẹyin kankan.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Ìlú tẹ́ ẹ gbé sára ògiri yìí, n kò mọ̀ ọ́n. Òkè ló yí tiwa ká, kì í ṣe iyanrìn. Rédíò yín, èmi ń gbọ́ ọ. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, n kò mọ ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá sọ owó kòkó, mo máa ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ohun tí ìjọba tiwa ń fi pamọ́ fún wa, mo máa ń gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara yín, mo máa ń lọ fọ abọ́. Ẹ sọ fún wa pé ẹ fẹ́ràn wa. Mo ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, ẹ ò kí mi nínú lífítì. Ọkùnrin tó dúró tì mí yìí ti ń fi ohùn rẹ̀ wá sílé wa láti ọdún pípẹ́ wá. Ohùn rẹ̀ la mọ̀, kì í ṣe tiyín. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí á fẹ́ràn yín lóòótọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ni nínú yín ló mọ orúkọ rẹ̀?"

Mo rí i tí ọwọ́ Bọ̀dá Kọ́lá ń wá bọ́tìnnì kádígàánì rẹ̀ tí kò sì rí i. Ó wá la ẹnu, ó fi ohùn ńlá yẹn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì dùn gbọ́ létí. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan láàárín wọn ń nu ojú. Akínlàjà mi orí sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí mà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo là wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi!

Ìdágbére

Bọ̀dá Kọ́lá ló sìn mí dé pápákọ̀, Màdáámù Ẹ̀rín ti lọ pàdé ẹlòmíràn pẹ̀lú òdòdó. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà, mo ń yìn wọ́n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n wọlé, ó ní, "Ìyá Tólú, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo sọ."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní gbogbo Ìkàrẹ́ máa ń péjọ. Mo ní ẹ ní kí n sọ fún wọn pé ìjọba wọn ni ìmọ́lẹ̀ ilé yín."

Inú bí mi. Ó ní, "Òótọ́ yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ ní ibi tẹ́ ẹ̀ ń padà sí."

Mo wo kádígàánì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀, ohun tó jáde ni, "Ṣé ẹ fi ràkúnmí sí i?"

Ó ní, "Mo fi ọ̀kan sí i." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá ń wò wá bí ẹni wo wèrè. Ó wá kúnlẹ̀ bá mi di okùn àpótí mi, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, n kò lè dá a dúró.

Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé

Mo rò pé ó ti parí. Kò pẹ́ tí mo dé, Màdáámù Ẹ̀rín pè mí lórí fóònù. Ó ní ìgbìmọ̀ ti dá ẹ̀ka Yorùbá sí nítorí ọ̀rọ̀ mi, àti pé àwọn ń bọ̀ wá ya àwòrán ìpéjọ abẹ́ igi. Bí mo bá ní kò sí ìpéjọ kankan, ọrùn Bọ̀dá Kọ́lá ni yóò já lé. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáyà mú. Ó wá béèrè pé, "Ṣé wọ́n á pín nǹkan?" Mo ní wọ́n ní fìlà ni àwọn máa pín. Ó ní, "Igi máńgòrò wa ń bẹ. Èèyàn á wá."

Wọ́n wá lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ fìlà ti dé ọjà Ìkàrẹ́, àwọn èèyàn sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Abẹ́ igi kún, orí fẹ́ǹsì kún. Màdáámù Ẹ̀rín dì mọ́ mi níwájú kámẹ́rà. Lẹ́ẹ̀kan péré ni, oòrùn Ọ̀kà ń jó o. Wọ́n pín fìlà, ó ní àsíá wọn níwájú. Wọ́n gbé rédíò ńlá kan sórí tábìlì. Akínlàjà, tó bá wọn wá, kéde pé ètò àkànṣe ni ti ọ̀sán yìí, láti ilé wọn tààrà. Mo fà súnmọ́ ọn. Ohùn Bọ̀dá Kọ́lá ni mo fẹ́ gbọ́.

Ohùn kan jáde. Ó mọ́ gaara, kò ní èémí. "Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará Oká."

Oká, ejò! Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í fà nílẹ̀ bí ejò. Màdáámù Ẹ̀rín ń pàtẹ́wọ́, ó rò pé ayọ̀ ni.

Bàbá Tísà, ọ̀gá ilé-ìwé àtijọ́ tó ti fẹ̀yìntì, dìde lórí ìjókòó. Ó bi Akínlàjà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ ta ni?"

Akínlàjà to ẹyin rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe ènìyàn, bàbá. Kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣàìsàn, kì í gba ìsinmi. Nítorí ìfẹ́ yín ni a ṣe rà á."

Bàbá Tísà bọ́ fìlà, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó rọra ń lọ sílé. Àwọn tó kù ò bọ́ tiwọn, torí oòrùn.

Mo bi Akínlàjà pé, "Bọ̀dá Kọ́lá ńkọ́?" Mo to ẹyin kó lè yé e. Ó ní, "Ó ti fẹ̀yìntì." Ó sì yíjú sí kámẹ́rà.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn ti lọ tán, mo lọ dúró lẹ́yìn kíláàsì, mo pe Bọ̀dá Kọ́lá. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Ohùn yẹn ṣì ki, àmọ́ ariwo àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan lòun wà, pé wọ́n ti fún òun lọ́jọ́ tí òun gbọ́dọ̀ fi ìlú náà sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ béèrè.

"Wọ́n wá?"

"Wọ́n wá, bọ̀dá."

"Ṣé àwọn èèyàn péjọ?"

"Wọ́n péjọ. Abẹ́ igi kún."

Mo gbọ́ tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ariwo náà.

Ó ní, "Á jẹ́ pé mi ò parọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ ò parọ́." Mi ò sọ ọ̀rọ̀ fìlà fún un.